Irinṣẹ́ wo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa di kátíríìjì .308 fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ rà?

ỌmọỌdẹ_Katy

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Ìbọn bolt-action kan ni mo ní (èyí tí a ń fi ọwọ́ fa bolt ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó gba kátíríìjì), .308 Winchester. Òun ni mo fi ń ṣọdẹ àgbọ̀nrín níbí ní Katy, Texas, mo sì tún fẹ́ máa fi yin àmì tó jìnnà. Kátíríìjì tó péye fún àmì ti wọ́n jù, ni mo bá ń kó ìkarahun èyí tí mo bá ti yìn pamọ́. Wọ́n ti tó 200, àmọ́ wọn kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan náà.

600 dọ́là ni mo ní fún irinṣẹ́ nìkan. Owó ẹ̀tù, primer (ohun kékeré ìdí ìkarahun tó ń tanná ran ẹ̀tù) àti ọta yàtọ̀. Ṣé kit ni kí n rà, èyí tí wọ́n ti kó ohun gbogbo sínú páálí kan, àbí kí n máa ṣà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan? Press wo (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń di kátíríìjì) ló dáa? Òṣùwọ̀n oníná ni àbí èyí tó ní ọ̀pá gbọọrọ (beam scale)? Igun gáréèjì ni màá ti máa ṣe é, ọmọdé sì wà nílé.

Baba_Ẹ̀tù

Àbúrò, kí o tó ra irin kankan, ra ìwé. Ìwé Lyman dáa fún olùbẹ̀rẹ̀ torí pé ọta oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ti Hornady náà dáa, àmọ́ ọta tiwọn nìkan ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Hodgdon gbé ìwọ̀n àwọn ẹ̀tù tí wọ́n ń tà sórí ayélujára lọ́fẹ̀ẹ́, kí o máa fi èyí yẹ ti inú ìwé wò. Bí méjèèjì ò bá bára mu, ìwọ̀n tó kéré jù ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Press: single-stage ni kí o rà, èyí tó ń gba die (irin oníhò tí wọ́n ń ti ìkarahun wọ̀) kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. RCBS Rock Chucker, Lee Classic Cast, Redding Big Boss, kò sí èyí tó burú nínú wọn. Irin dídà ni kí o wá. Àwọn press kékeré tí wọ́n fi aluminium ṣe lè ṣe .223, àmọ́ ìkarahun .308 tóbi, agbára tí ìfúnpadà rẹ̀ (fífún ìkarahun tó ti wú padà sí ìwọ̀n) ń gbà ju ohun tí press fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè máa gbà lójoojúmọ́ lọ. Ìdè die (thread) tó wọ́pọ̀ jẹ́ 7/8-14, nítorí náà die ilé-iṣẹ́ kan á wọ press ilé-iṣẹ́ mìíràn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ilé-iṣẹ́ kan náà ni gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wá.

Ìdí tí mo fi ní single-stage ni pé gbogbo àádọ́ta ìkarahun á parí ìpele kan kí o tó yí die padà bọ́ sí ìpele kejì. O lè dúró láàárín, kí o tan tọ́ọ̀ṣì sínú gbogbo wọn, kí o rí i bóyá ẹ̀tù wọn dọ́gba. Ọwọ́ ń lọ́ra, ojú sì ń rí nǹkan.

Tábìlì ńkọ́? Èyí tó wúwo, tí o de mọ́ igi inú ògiri. Tábìlì tó bá ń mì máa ń ba òṣùwọ̀n jẹ́, ó sì máa ń jẹ́ kí primer wọlé ní gẹ̀gẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Baltimore

Mo gbà pẹ̀lú Baba lórí press. Lórí kit, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí àwọn ṣọ́ọ̀bù kì í sọ. Páálí kit máa ń ní press, òṣùwọ̀n, ohun tó ń da ẹ̀tù, fúnẹ́ẹ̀lì, pátákó oníhò tí wọ́n ń to ìkarahun sí, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ primer wọlé, ọ̀rá díẹ̀, nígbà míì ìwé. Ó dà bíi pé ó pé. Kò pé. Ọ̀pọ̀ kit ni kò ní die, kò ní shell holder (ohun tó ń di ìdí ìkarahun mú lórí press), kò ní caliper (ohun tí wọ́n fi ń wọn gígùn), kò ní ohun tí wọ́n fi ń gé ìkarahun, kò sì ní ohun tí wọ́n fi ń yọ ọta tó wọlé láìtọ́. Olùbẹ̀rẹ̀ á gbé kit délé ní Sátidé, kò ní lè di ẹyọ kan.

Àwọn tó ń ṣe kit mọ èyí tó ń fa ojú: press. Ibi tí wọ́n ti ń dín owó kù ni òṣùwọ̀n àti ohun tó ń da ẹ̀tù. Àwọn méjèèjì yìí gan-an ni wọ́n sì ń pinnu iye ẹ̀tù tó wọ ìbọn ẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ kí o ṣà wọ́n: press dáadáa, die, shell holder, òṣùwọ̀n tí o gbọ́kàn lé, caliper, pátákó méjì, fúnẹ́ẹ̀lì, irinṣẹ́ primer ọwọ́, ohun gígé, ohun ìfá ẹnu ìkarahun, ọ̀rá, ìwé. 600 dọ́là á gbé gbogbo ẹ̀, á ṣẹ́ kù díẹ̀, bí o kò bá lọ fọwọ́ kan àwọn nǹkan oníná tó ń da ẹ̀tù fúnra wọn.

Kíákíá_Atlanta

Kí ló dé tí ẹ ń fìyà jẹ ẹni ẹlẹ́ni? Kó ra press progressive, ìkarahun kan á jáde bí kátíríìjì ní gbogbo ìgbà tó bá fa ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan á ra á náà ni, owó méjì ló ń ná.

Baba_Ẹ̀tù

@Kíákíá_Atlanta, fún ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n ń yìn 500 lọ́sẹ̀, òótọ́ ni. Ìbọn ọdẹ bolt-action tí yóò yin 40 tàbí 60 lọ́jọ́ tó bá lọ sí ibi ìyìnbọn, kí ni progressive fẹ́ bá a ṣe? Lórí progressive, nǹkan mẹ́rin tàbí márùn-ún ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà kan náà. Bí primer kan bá kọ̀ láti wọlé tí o dúró láti tún un ṣe, tí o wá gbàgbé èyí tó ti gba ẹ̀tù àti èyí tí kò tíì gbà, kátíríìjì tí kò ní ẹ̀tù rárá lè jáde. Primer nìkan lágbára tó láti ti ọta wọ inú ọ̀pá ìbọn kó dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá yin òmíràn tẹ̀lé e ti ba ọ̀pá jẹ́ nìyẹn, bó bá jẹ́ ọ̀pá nìkan.

ỌmọỌdẹ, fi èyí sọ́kàn láti ìsinsìnyí: bí ìbọn bá dún ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí kò ti èjìká ẹ bó ṣe máa ń tì í, dúró. Yọ bolt, wo inú ọ̀pá láti ẹ̀yìn kí o tó ronú kan òmíràn.

Kíákíá_Atlanta

Ó dáa, mo gbà fún ìbọn ọdẹ. Àmọ́ turret, press tí orí rẹ̀ ń yí, ńkọ́? Die mẹ́rin lórí rẹ̀, kò sí pé à ń yọ à ń dè.

Ẹ̀gbọ́n_Baltimore

Turret kò burú. O lè lò ó bí single-stage. Èyí tó yẹ kó wò ni bóyá orí rẹ̀ ń jó nígbà tí ram (ọ̀pá tó ń gbé ìkarahun sókè) bá gòkè, torí pé ìjó yẹn ló ń jẹ́ kí èjìká ìkarahun (ibi tó ti ń tẹ̀ wọnú lọ sí ọrùn) máa yàtọ̀ láti ẹyọ sí ẹyọ. Fún 600 dọ́là, single-stage ṣì ni mo dúró lé.

Ìyá_Àgbọ̀nrín

Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ die. Die méjì ni .308 nílò. Àkọ́kọ́ ń yọ primer àtijọ́, ó sì ń fún ìkarahun padà sí ìwọ̀n. Èkejì ń tẹ ọta wọlé. Full-length ni kí o rà, kì í ṣe èyí tó ń fún ọrùn nìkan. Ìkarahun tí o fi ọrùn nìkan fún máa ń le wọ ìbọn lẹ́yìn bí ìgbà mélòó kan, ìbọn ọdẹ kò sì gbọdọ̀ ní kátíríìjì tó ń há lójú ẹran.

Die Lee oní-mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Pacesetter máa ń bá shell holder wá. Ti RCBS kì í bá a wá, ìwọ lo máa rà á lọ́tọ̀: nọ́ńbà 3. Bí o bá sì lè rí die carbide, rà á, o ò ní nílò ọ̀rá.

Baba_Ẹ̀tù

Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ìyẹn á há ìkarahun mọ́ die fún ọmọ ọlọ́mọ. Ìkarahun ìbọn ìléwọ́ tó gún régé láti ìdí dé ẹnu nìkan ni carbide ń gbà láìsí ọ̀rá. Ìkarahun tó ní èjìká àti ọrùn bíi .308 gbọ́dọ̀ gba ọ̀rá, ì báà jẹ́ carbide, ì báà jẹ́ góòlù.

Ìyá_Àgbọ̀nrín

Mo gbọ́. Kó má ra carbide nígbà náà, owó ńlá láìnídìí ni.

Gíríìsì_Leicester

Shell holder nọ́ńbà 3 tí Ìyá sọ, ti RCBS nìkan ni. Ti Hornady fún .308 jẹ́ nọ́ńbà 1, ti Lee sì jẹ́ 2. Nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ kan kò bá ti òmíràn mu. Ka ara páálí.

Nípa ọ̀rá, nítorí ibẹ̀ ni olùbẹ̀rẹ̀ ti ń kọ́kọ́ sunkún. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀: èyí tí wọ́n ń fín, bíi Hornady One Shot, èyí tí wọ́n ń fi ìka pa, bíi Imperial Sizing Die Wax, àti èyí tí wọ́n ń yí ìkarahun lórí fóòmù. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Imperial ni. Agolo kékeré kan á pẹ́ lọ́wọ́ ẹ gan-an. Fi ìka kan kàn án, fi pa ara ìkarahun yí ká, pàápàá apá ìsàlẹ̀ tó sún mọ́ ìdí, torí ibẹ̀ ló ń há. Má fi kan èjìká. Ọ̀rá tó bá kún èjìká kò níbi tó máa gbà jáde nínú die, á wá tẹ èjìká náà wọnú, ẹ ó rí ibi tó jìn bí ojú àpá. Ìkarahun tó bá jìn díẹ̀ ṣì ṣeé yìn, ìbú á padà. Èyí tó bá ya, sọ ọ́ nù.

Èyí tí wọ́n ń fín dáa bí ẹ bá jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ tó fún un. Àwọn tó ń kanjú ni wọ́n ń sọ pé kò ṣiṣẹ́. Tún fín díẹ̀ sínú die fúnra rẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, die tuntun gbẹ.

Bí ẹ bá ń fa ọwọ́ press tí ó le ju ti tẹ́lẹ̀, dúró, dá a padà, fi ọ̀rá kún un. Ẹni tó bá fi agbára fà á yóò fa etí ìkarahun ya, ara rẹ̀ á kù sínú die. Àpótí ohun ìyọ ìkarahun tó há wà: èèyàn ń lu ihò sí ìdí rẹ̀, ó ń gé ìdè sínú ihò náà, ó sì ń fi bóòtù fà á jáde. Kì í wọ́n. Ó yẹ kó wà nílé.

Níbí ní Britain, ẹni tó fẹ́ ra primer gbọ́dọ̀ fi ìwé àṣẹ ìbọn hàn lábẹ́ òfin 2006. Kátíríìjì tí ẹ bá ti dì parí sì wà lára iye tí ìwé àṣẹ ní kí ẹ má kọjá. Kí àwọn ará London má lọ rò pé ohun tí ará Texas ń ṣe ló bá wa mu.

Baba_Ẹ̀tù

Kó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń to die ìfúnpadà náà. Ìwé tó bá die wá á sọ pé kí o gbé ram sókè tán, kí o yí die wálẹ̀ títí yóò fi kan shell holder, kí o wá fi ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kan kún un. Ìyẹn á fún ìkarahun tí yóò wọ gbogbo ìbọn .308 láyé. Fún ìbọn kan ṣoṣo, ó máa ń ti èjìká sẹ́yìn jù.

Èjìká tí a tì jù ló ń pa ìkarahun. Bí kátíríìjì bá kéré ju ihò tó wọ̀ lọ, nígbà tí ìbọn bá dún, iwájú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ògiri, ìdí rẹ̀ á fà sẹ́yìn, ibi tó wà díẹ̀ lókè ìdí á tínrín. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan á ya sí méjì. Ẹ máa rí àmì rẹ̀ ṣáájú: òrùka tó ń dán yí ara ìkarahun ká, ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ínṣì sókè láti ìdí tàbí kó kéré díẹ̀ sí i. Tún fi wáyà ìdì-ìwé tí o tẹ orí rẹ̀ sí igun wọ inú ìkarahun, fà á lára ògiri inú lọ sókè. Bí o bá gbọ́ pé ó ń kọ́ sí ihò kan, fọ́ ìkarahun yẹn, má tún un lò.

Ojútùú rẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń so mọ́ caliper láti fi wọn ibi èjìká. Wọn ìkarahun tí ìbọn rẹ ti yìn, lẹ́yìn náà yí die wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí èjìká yóò fi sẹ́yìn ní 0.002 ínṣì. Ìyẹn tó fún bolt-action. Fún ìbọn tó ń gbé ara rẹ̀ (semi-auto, tó ń ki kátíríìjì fúnra rẹ̀), 0.003 sí 0.004. Bí owó kò bá ka ohun ìwọ̀n yẹn, case gauge tí wọ́n ń ju ìkarahun sí á ṣe é fún ìgbà díẹ̀.

Òṣùwọ̀n_Dallas

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n kù. Ra beam scale, ọ̀pá tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ ọ̀bẹ. Kò nílò iná, kì í sún. Ti oníná olówó pọ́ọ́kú máa ń rìn: ẹ gbé nǹkan kan náà lé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta, iye mẹ́ta ló máa fún yín.

Kíákíá_Atlanta

Ta ló ṣì ń fi beam scale wọn ẹ̀tù? Ìdajì wákàtí ni kó tó dúró jẹ́ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n_Baltimore

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ tọ̀nà díẹ̀. Òṣùwọ̀n oníná dáa bí o bá tan án sílẹ̀ kó gbóná kí o tó lò ó, tí o gbé e jìnnà sí fáànù, afẹ́fẹ́ AC àti gílóòbù fluorescent, tí o sì ń yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú àwọn òkúta ìwọ̀n. Òkúta ìwọ̀n ni kí o má fi owó ẹ̀ ṣeré, ì báà jẹ́ òṣùwọ̀n wo lo rà. Èyí tó máa ń bá òṣùwọ̀n oníná wá wúwo púpọ̀, ó ju ìwọ̀n tí ìwọ máa ń wọn lọ. Ra àpò òkúta tó ní ìwọ̀n tó sún mọ́ èyí tí ẹ̀tù rẹ máa jẹ́. Òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ lè fi ìdá kan nínú mẹ́wàá grain (ẹyọ ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù àti ọta) hàn.

Ìkìlọ̀ kan: òṣùwọ̀n oníná kan náà lè fi gram hàn, ó sì lè fi grain hàn. Bọ́tìnì kan ló yà wọ́n. Wo ojú rẹ̀ nígbà gbogbo tí o bá tan án.

Yìnbọn_San_Antonio

Bọ̀dá Katy, ẹ má da ara yín láàmú. Inú mi ni ìwọ̀n wà: ẹ̀tù Varget, ọta 168 grain, màá fi iye grain tí èmi ń lò ránṣẹ́ sí yín nínú inbox. Ìbọn mi nìyẹn, ó ń kọlu àmì gẹ́lẹ́.

Baba_Ẹ̀tù

Rárá o. Ẹ má fi ránṣẹ́, kí ẹni tó bá gbà á má sì lò ó. Ìbọn yín kì í ṣe ìbọn rẹ̀. Ihò ìbọn méjì kì í dọ́gba, ìkarahun Lake City ti ológun nípọn ju ti Winchester lọ, àyè inú rẹ̀ kéré, ìwọ̀n kan náà á sì fa agbára tó ga jù nínú rẹ̀. Kódà bí a bá yí primer nìkan padà, agbára á yí padà. Ìwé ni kó tẹ̀lé: ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀, kó máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kó máa wo ìkarahun lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bolt tó le ṣí, primer tó tẹ́ pẹrẹsẹ, àmì ihò ejector (ohun tó ń ti ìkarahun jáde) lára ìdí ìkarahun: àwọn wọ̀nyí sọ pé ó ti kọjá. Àmọ́ pé wọn ò hàn kò sọ pé ewu ò sí. Ìdí nìyẹn tí òpin inú ìwé fi jẹ́ òpin. Bákan náà, kó má lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ torí pé ó fẹ́ kí ìbọn rọra tì.

Yìnbọn_San_Antonio

Ẹ bínú sí mi ni? Ó ti yé mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ orúkọ ẹ̀tù nìkan nígbà náà: Varget, IMR 4064 àti H4895 wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé fún .308. Onígi kéékèèké ni gbogbo wọn, wọ́n sì máa ń kún inú ìkarahun dáadáa. Ẹni tó bá da ẹ̀tù lẹ́ẹ̀mejì sínú ìkarahun kan á rí i kó máa yọ sókè. Fún olùbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ju pípéye lọ.

Ẹ̀gbọ́n_Baltimore

Ìmọ̀ràn tó dáa nìyẹn. Kó kàn mọ̀ pé ẹ̀tù onígi kì í ṣàn bí iyanrìn nínú ohun tó ń da ẹ̀tù. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan á gé e kọ́ọ́. Kó tò ó kó máa da èyí tó kéré díẹ̀ sí ìwọ̀n tó fẹ́, kó wá fi trickler (ohun tó ń sọ ẹ̀tù kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀) parí rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n. Ẹ̀tù oníróbótó bíi CFE 223 ló ń ṣàn dọ́gba.

Ẹ̀tù kan ṣoṣo ni kó wà lórí tábìlì ní gbogbo ìgbà. Bó bá parí, dà á padà sínú agolo rẹ̀, má fi í sílẹ̀ nínú ohun tó ń da ẹ̀tù dọ́la. Ẹ̀tù tí kò ní orúkọ mọ́ kò níye lórí mọ́; lọ sun ún níta, díẹ̀díẹ̀, tàbí kí o béèrè bí àdúgbò rẹ ṣe ń sọ ọ́ nù.

Owó rẹ̀: póùn ẹ̀tù kan jẹ́ 7000 grain. Bí ìwé bá ní 40, póùn kan á di 175. Fi ìyẹn ṣírò kí o tó gbà pé àtúndì ń dín owó kù. Fún kátíríìjì àmì tó péye, ó ń dín in. Fún èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ní ọjà, kì í ju owó kékeré lọ, àkókò ẹ ò sì wọlé sí ìṣirò.

Nọ́ọ̀sì_Newark

Ẹ dákẹ́ jù lórí ọmọdé. Ohun tó ń jó nínú primer tó wọ́pọ̀ ní òjé nínú, òun ló ń dúró sínú ìkarahun gẹ́gẹ́ bí èérí dúdú. Tí ẹ bá da ìkarahun sínú ẹ̀rọ tó ń mì pẹ̀lú ṣùkù àgbàdo tàbí èèpo walnut tí wọ́n lọ̀, eruku òjé ni ẹ ń fẹ́ sáfẹ́fẹ́. Ẹ dé ẹ̀rọ náà, ẹ má ṣí i nínú ilé, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù nù ún. Ẹ má jẹun, ẹ má mu nǹkan níbẹ̀. Ẹ fọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kí ẹ tó gbé ọmọ, ẹ má sì wọ aṣọ iṣẹ́ yẹn wọ yàrá ọmọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi omi àti abẹ́rẹ́ irin alágbára ṣe ò ní eruku, àmọ́ omi ìdọ̀tí rẹ̀ ní òjé. Ẹ má dà á sí iwẹ̀ tí wọ́n ti ń wẹ ọmọ.

Primer àti ẹ̀tù: kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń tì, ibi tútù gbígbẹ, kí àwọn méjèèjì má gbé papọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú ohun tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má da primer sínú ìgò. Tí ọ̀kan bá dún, gbogbo wọn á dún.

Baba_Ẹ̀tù

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Ìlànà iná NFPA ní Amẹ́ríkà gba 20 póùn ẹ̀tù nílé nínú agolo ilé-iṣẹ́, àti 10,000 primer. Wo òfin ìlú rẹ náà torí ó lè kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí o sì ka ìwé adójútòfò (insurance) ilé rẹ. Má tì í sínú sééfù irin tó dé pátápátá. Ẹ̀tù tó bá jó níbi tó ní ìhà ṣíṣí á jó lọ. Èyí tó bá jó níbi tí kò sí ìhà ṣíṣí á fọ́ ohun tó gbé e. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo àpótí igi.

Ọdẹ_Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ kú iṣẹ́. Níbí ńkọ́? Ṣé a lè ra press láti Amẹ́ríkà, kí ọdẹ ilé máa fi di kátíríìjì ìbọn ìgbàlódé?

Baba_Ẹ̀tù

Ọdẹ wa, ẹ má dán an wò. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣe tàbí tún ìbọn àti kátíríìjì ṣe níbikíbi yàtọ̀ sí ibi tí ìjọba fọwọ́ sí. Ohun tí à ń sọ níbí wà fún ẹni tí òfin ibi tó ń gbé gbà fún.

Ẹ̀gbọ́n_Baltimore

Kí àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà náà gbọ́ tiwọn. Ẹni tó ní físà tí kì í ṣe ti ìgbé pípẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ físà bẹ́ẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kó ní ìbọn tàbí kátíríìjì bí kò bá ní ìyọ̀ǹda pàtó, bíi ìwé àṣẹ ọdẹ tí ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà fún un. Green card yàtọ̀. Ẹ̀tù, primer, ìkarahun àti ọta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ náà, òfin àpapọ̀ ka wọ́n mọ́ kátíríìjì. Ẹ tún mọ̀ pé dídì fún ìlò ara ẹni kò nílò ìwé àṣẹ, àmọ́ ẹni tó bá ń dì í tà nílò rẹ̀. Ẹ má bá ọ̀rẹ́ dì í gba owó.

ỌmọỌdẹ_Katy

Green card ni mo ní, ẹ ṣé. Mo ti rí i: Lee Classic Cast, die Lee, beam scale, òkúta ìwọ̀n, caliper, Imperial, Varget. Ó ku mẹ́ta. Ṣé mo lè sún ohun gígé ìkarahun síwájú? Kí ni kí n ṣe sí àwọn ìkarahun oríṣiríṣi yìí? Ọta wo, primer wo?

Gíríìsì_Leicester

Má sún un. Òpin gígùn ìkarahun .308 jẹ́ 2.015 ínṣì, ibi tí wọ́n ń gé e sí ni 2.005. Ìkarahun ń gùn ní gbogbo ìgbà tí a bá fún un padà, torí náà lẹ́yìn ìfúnpadà ni ká wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣáájú. Bó bá gùn jù, ẹnu rẹ̀ á wọ ibi tí ọ̀pá ìbọn ti ń há, yóò pa ọta mọ́, agbára á sì ga. Ohun gígé Lee tó ní ọ̀pá ìwọ̀n fún .308 nìkan kò wọ́n rárá, ó sì máa ń jáde sí gígùn kan náà. Lẹ́yìn gígé, fá ẹnu rẹ̀ nínú àti lóde, bí kò bá bẹ́ẹ̀, etí mímú á fá ọta nígbà tí o bá ń tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Ìyá_Àgbọ̀nrín

Ìkarahun: yà wọ́n sọ́tọ̀ nípa orúkọ tó wà ní ìdí. Lo èyí tó pọ̀ jù fún àmì, yọ̀ǹda ìyókù fún ìdánwò àtúndì. Wo inú ọ̀kọ̀ọ̀kan: bí ihò kan bá wà láàárín, dáa; bí ihò kékeré méjì bá wà, Berdan ni, pín-ìn die á ṣẹ́ níbẹ̀, sọ ọ́ nù. Ti irin dúdú tí mágínẹ́ẹ̀tì ń fà, sọ ọ́ nù. Ti ológun tí wọ́n tẹ yí primer ká, primer tuntun kò ní wọlé títí o bá fi gé tàbí fún ìtẹ̀ yẹn kúrò.

Primer: large rifle lásán, CCI 200 tàbí Federal 210, èyí tí ìwé bá kọ. Má ra ti magnum torí pé òun ló wà ní ṣẹ́ẹ̀fù. Tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi wọlé ju ojú ìdí lọ díẹ̀, 0.003 sí 0.005 ínṣì, fi ìka gba ojú rẹ̀, bó bá yọ, kò tíì wọlé. Nínú ìbọn tó ń gbé ara rẹ̀, èyí tó yọ lè dún kí bolt tó tì.

Ọta: ra oríṣi kan tó lè ṣe méjèèjì, 165 grain tí orí rẹ̀ rọ̀ fún ọdẹ, fi kọ́ṣẹ́. Èyí tí wọ́n ṣe fún àmì kì í tú dáadáa nínú àgbọ̀nrín, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò sì gba ọta oníkọ́pà tó bò pátápátá fún ọdẹ. Gígùn kátíríìjì tó parí, tẹ̀lé ìwé, fún.308 kò gbọdọ̀ kọjá 2.810 ínṣì bó bá máa wọ mágásíìnì.

Òṣùwọ̀n_Dallas

Tí o bá ń ra ẹ̀tù àti primer lórí ayélujára, ilé-iṣẹ́ tó ń kó ẹrù á gba owó hazmat (owó ẹrù eléwu) lórí gbogbo ẹrù tó bá gbé, ì báà jẹ́ póùn kan, ì báà jẹ́ mẹ́jọ. Kó wọn pọ̀ sínú ẹrù kan, tàbí lọ rà wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù Katy. Ohun ìyọ ọta tó rí bí òòlù náà, rà á kí o tó dì ẹyọ àkọ́kọ́. Fi fóòmù kékeré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí orí ọta má baà tẹ̀, kí o sì wọ gíláàsì ojú.